Bá Ìyá Rẹ Sọ̀rọ̀ Lórí Ìtàgé: Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí Ọ̀rọ̀ Ìdúpẹ́ Àwọn Òṣèré

 

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá síwájú yín lónìí kò gbà ju bí ìṣẹ́jú kan lọ nínú ayé òṣèré. Ìṣẹ́jú tí wọ́n bá pe orúkọ rẹ̀ pé òun ló gba àmì-ẹ̀yẹ ni, tó gun orí ìtàgé, tó di ère náà mú, tí gbogbo ojú ń wò ó, tó sì di dandan kó dúpẹ́. Ọ̀pọ̀ wọn ló máa ń dárúkọ ẹbí nígbà náà: ìyá, bàbá, ìyàwó, ọkọ, ọmọ, ìyá àgbà tó ti kú. Àwọn kan máa ń sọ pé àṣà lásán ni, pé kí wọ́n tètè sọ̀ kalẹ̀ kí ètò lè máa lọ. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti máa ń mọ òṣèré tó mọ ẹni tó gbé e dúró. Ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀ fún àwa Yorùbá, ohun tí a lè fi kún un náà sì wà lọ́wọ́ wa.

Ní ọdún 1976, Louise Fletcher gba Oscar fún ipa nọ́ọ̀sì aláìláàánú tó kó nínú fíìmù One Flew Over the Cuckoo's Nest. Adití ni bàbá rẹ̀, adití ni ìyá rẹ̀. Òjíṣẹ́ Ọlọ́run ni bàbá náà, ó ń bójú tó ìjọ àwọn adití ní ìpínlẹ̀ Alabama. Etí Louise ní tirẹ̀ gbọ́ràn dáadáa, àmọ́ ìbátan wọn kan ló ní láti kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ sísọ, torí kò sí ohùn tó lè gbọ́ kọ́ nínú ilé. Lálẹ́ ọjọ́ náà, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ tán, ó wá ní kí àwọn ènìyàn fún òun láyè díẹ̀. Ó gbé ọwọ́ sókè. Bí ẹnu rẹ̀ ti ń sọ ọ́ ni ọwọ́ rẹ̀ ń sọ ọ́: ó dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá àti ìyá rẹ̀ pé wọ́n kọ́ òun bí èèyàn ṣe ń ní àfojúsùn, ó ní ohun tí òun ń lépa láti kékeré ló ń ṣẹ níṣojú wọn yìí. Ohùn rẹ̀ há bó ṣe ń sọ ọ́, ọwọ́ rẹ̀ kò dúró.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kíyè sí ohun tí obìnrin yìí ṣe. Àwọn òbí rẹ̀ ló bá sọ̀rọ̀, ní èdè tí wọ́n gbọ́. Àwa yòókù kàn wà níbẹ̀ ni. Láti ọjọ́ tí mo ti rí àwòrán yẹn ni mo ti ń fi wọn gbogbo ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ tí mo bá gbọ́: ta ni ẹni yìí ń bá sọ̀rọ̀? Ṣé ìyá rẹ̀ á gbọ́ ọ yé? Ṣé ó sọ ohun kan pàtó tí ìyá náà ṣe, àbí ó kàn ní òun dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹbí òun, bí ìgbà tí èèyàn ń kí gbogbo ará àdúgbò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo?

Ọdún 46 lẹ́yìn náà, ní 2022, ọ̀rọ̀ èdè ọwọ́ tún wáyé lórí ìtàgé Oscar, àmọ́ lọ́tẹ̀ yìí, ọmọ gan-an ni adití. Youn Yuh-jung, àgbà òṣèrébìnrin láti Kòríà, ló wá kéde òṣèrékùnrin tó gbe olú òṣèré lẹ́yìn jù lọ́dún náà. Nígbà tó ṣí ìwé, ọwọ́ ló kọ́kọ́ fi kéde kó tó fọhùn. Troy Kotsur ni, fún fíìmù CODA, adití ọkùnrin àkọ́kọ́ tó gba Oscar nídìí eré ṣíṣe. Àwọn èèyàn inú gbọ̀ngàn na ọwọ́ sókè, wọ́n ń mì ín, torí bí àwọn adití ti ń pàtẹ́wọ́ nìyẹn. Kotsur gba ère. Wàhálà kan wá dé: ọwọ́ méjèèjì ló fi ń sọ̀rọ̀, ère sì ti gba ọ̀kan. Youn rí i. Ó gba ère náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń bá a gbé e dání, kí ọkùnrin náà lè ráyè sọ tẹnu rẹ̀.

Kotsur sọ nípa bàbá rẹ̀ pé nínú ẹbí àwọn, bàbá náà ló mọ èdè ọwọ́ sọ jù. Jàǹbá ọkọ̀ wá ṣe bàbá náà, ara rẹ̀ rọ láti ọrùn lọ sísàlẹ̀, kò lè fi ọwọ́ bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́. Lẹ́yìn èyí ló kọjú ọ̀rọ̀ sí bàbá náà fúnra rẹ̀, pé òun kọ́ ohun púpọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀, pé akọni òun ni. Ògbufọ̀ tó ń fi ohùn sọ ọ̀rọ̀ náà fún àwọn tó gbọ́ràn, ẹkún fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ohùn òun náà. Bàbá tí ọwọ́ rẹ̀ ti dákẹ́, ọmọ ń fi ọwọ́ tirẹ̀ dá a lóhùn níwájú gbogbo ayé. Mi ò mọ oríyìn tó ga ju ìyẹn lọ.

Ọ̀rọ̀ kò tíì tán lórí ìyá àgbà tó bá a gbé ère yẹn. Ní ọdún tó ṣáájú, 2021, òun gan-an ló gba Oscar fún Minari, ẹni àkọ́kọ́ láti Kòríà tó gbà á nídìí eré ṣíṣe, nígbà tó ti pé ẹni ọdún 73. Nígbà tí òun àti ọkọ rẹ̀ kọ ara wọn sílẹ̀ nígbà kan rí, ipa tí wọ́n bá ṣáà ti fún un ló ń kó, kékeré ni o, ńlá ni o, kí àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ méjèèjì lè jẹun, kí wọ́n lè kàwé. Lórí ìtàgé, àwọn ọmọ yẹn ni obìnrin náà dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ó ní àwọn ni wọ́n lé òun jáde lọ síṣẹ́, pé èrè iṣẹ́ tí màmá wọn ṣe rèé. Àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Àmọ́ gbogbo ìyá tó ti jí ní kùtù hàì gbé igbá lọ sọ́jà nítorí owó ilé-ìwé mọ̀ pé òótọ́ pọ́ńbélé ni. Òbí ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọ: kì í ṣe gbogbo ọjọ́ la ń rí i láàárín wa, ó sì yẹ ká máa rí i.

Ìṣẹ́jú àáyá 45 ni àwọn olùṣètò Oscar fún ẹni tó bá jáwé olúborí. Bó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, orin á bẹ̀rẹ̀ sí í dún láti lé e sọ̀ kalẹ̀. Greer Garson lo bí ìṣẹ́jú márùn-ún àti ààbọ̀ ní 1943, Adrien Brody sì kọjá rẹ̀ díẹ̀ ní 2025. Mi ò bá àwọn olùṣètò jà nítorí àkókò. Ohun tó ń ba ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ jẹ́ ni kí òṣèré ka orúkọ agbẹjọ́rò, aṣojú, alága ilé-iṣẹ́ àti igbákejì alága tán, kó tó rántí ìyá rẹ̀ nígbà tí orin ti ń dún. Hilary Swank gba Oscar ní 2000, ó sì gbàgbé láti dárúkọ ọkọ tó jókòó síbẹ̀ tó ń sunkún ayọ̀. Nígbà tó tún gba òmíràn ní 2005, ọkọ náà ló kọ́kọ́ dárúkọ.

Ọdún 2005 yẹn náà ni Jamie Foxx sọ èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn. Ọmọ tí ìyá àgbà tọ́ ni Foxx. Estelle Talley, tó gbà á ṣọmọ nígbà tó wà ní ìkókó, ló tọ́ ọ dàgbà ní ìlú Terrell, ní ìpínlẹ̀ Texas. Òun ló fi dandan lé e pé kó kọ́ dùùrù láti kékeré. Ọmọ tí wọ́n fi dandan kọ́ ní dùùrù yìí ló wá ṣe Ray Charles nínú fíìmù Ray, tó tẹ dùùrù náà fúnra rẹ̀, tó sì fi gba Oscar. Ìyá àgbà ti papò dà ní 2004, oṣù mélòó kan kó tó di alẹ́ ọjọ́ náà.

Foxx ní ìyá àgbà ni olùkọ́ eré òun àkọ́kọ́. Ó ní á sọ fún òun pé kí òun nàró, kí òun na èjìká sẹ́yìn, kí òun ṣe bí ọmọ tó lọ́gbọ́n lórí. Bí òun bá ṣe wèrè, á na òun. Bó bá na òun tán, á jókòó, á ṣàlàyé ìdí tó fi na òun, pé òun fẹ́ kí ó di ọmọlúàbí ni. Ta ni kò mọ obìnrin yìí nínú yín? Ọwọ́ òsì ló fi ń bá ọmọ wí, ọ̀tún ló fi ń fà á mọ́ra. Foxx wá ní ìyá àgbà ṣì ń bá òun sọ̀rọ̀, pé ojú àlá nìkan ló ti ń bá òun sọ ọ́ báyìí, pé ara òun ti wà lọ́nà láti dé orí ibùsùn lálẹ́ ọjọ́ náà, nítorí ọ̀rọ̀ pọ̀ tí àwọn méjèèjì fẹ́ jọ sọ.

Amẹ́ríkà ló ti sọ ọ́, níwájú àwọn tí púpọ̀ nínú wọn lè rò pé ọ̀nà láti pa àwọn lẹ́rìn-ín tàbí pa àwọn lẹ́kún ni. Létí ọmọ Yorùbá, ọ̀rọ̀ lásán kọ́. Òkú wa kì í lọ jìnnà. Wọ́n ń bọ̀ wá bá wa lójú oorun, wọ́n ń bá wa wí, wọ́n ń kìlọ̀, wọ́n ń yọ̀ fún wa. Ọmọ Foxx obìnrin tó bá a wá síbi ètò náà, orúkọ ìyá àgbà yẹn wà nínú orúkọ rẹ̀, Foxx sì sọ ọ́ lórí ìtàgé. Àwa tí a ń sọ ọmọ ní Yétúndé mọ ohun tó ń ṣe.

Ti Matthew McConaughey ní 2014 náà fara jọ ọ́. Bàbá rẹ̀ ti kú láti 1992. Ó ní òun mọ̀ pé bàbá náà wà lókè níbẹ̀ tó ń jó, pẹ̀lú ìkòkò gumbo, ọbẹ̀ àwọn ará Louisiana tí ilá sábà máa ń wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú àkàrà òyìnbó ọlọ́sàn wẹ́wẹ́ àti bíà tútù lọ́wọ́. Gbólóhùn kan péré, ẹ ti rí bàbá náà, ẹ ti mọ ohun tó fẹ́ràn láti jẹ. Ní 2015, J.K. Simmons yà kúrò lórí òkú, ó gba ọ̀nà alààyè lọ: ó ní ẹni tí òbí rẹ̀ bá ṣì wà láyé, kó pè é lórí fóònù, kó má fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́, kó sì jókòó tì í títí òbí náà á fi sọ̀rọ̀ tán.

Àmọ́ gbogbo ẹbí kọ́ ló dùn-ún dárúkọ. Àwọn mìíràn dàgbà nínú ilé ìyà, nínú ilé ọtí, nínú ilé ìjà. Kí ni irú wọn fẹ́ sọ? Viola Davis fi hàn wá ní 2017, nígbà tó gba Oscar fún Fences. Ilé oko ẹrú àtijọ́ kan ní South Carolina ni wọ́n ti bí i. Nínú òṣì ló dàgbà, ní ìlú Central Falls. Ó kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn ayé rẹ̀, Finding Me, ní 2022, pé bàbá òun máa ń mutí, ó sì máa ń lu ìyá òun. Lórí ìtàgé, ó pe orúkọ àwọn méjèèjì, Dan àti Mae Alice, ó ní àwọn ni wọ́n kọ́ òun, ní rere àti ní búburú, bí a ti ń ṣubú, bí a ti ń fẹ́ràn ènìyàn, bí a ti ń gba àmì-ẹ̀yẹ, bí a sì ti ń pàdánù. Kò fi ẹ̀fun kun bàbá rẹ̀ lójú, kò sì kọ̀ ọ́ ní bàbá. Ó tún rántí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tí wọ́n jọ máa ń ṣeré ilé, tí wọ́n á máa ṣe bí ìyàwó olówó tó ń mu tíì. Níbi eré ọmọdé yẹn ni eré ṣíṣe ti bẹ̀rẹ̀ fún un. Ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ tó ní òótọ́ nínú báyìí lágbára ju èyí tó sọ gbogbo òbí di áńgẹ́lì lọ. Ọmọ tó ń gbọ́ ọ láti inú ilé oníjàgídíjàgan rí ọ̀nà tí òun náà lè gbà dúpẹ́ láìpurọ́.

Mo tún ń rántí ẹni tó ṣáájú gbogbo wọn. Ní ọjọ́ 29, oṣù Kejì, ọdún 1940, Hattie McDaniel di ènìyàn dúdú àkọ́kọ́ tó gba Oscar, fún Gone with the Wind. Abẹ́ oko ẹrú ni bàbá àti ìyá rẹ̀ ti wá. Bàbá náà jagun abẹ́lé Amẹ́ríkà. Àwọn méjèèjì ti kú. Hótẹ́ẹ̀lì Ambassador tí wọ́n ti ṣe ètò náà kì í gba aláwọ̀ dúdú láyè nígbà náà. Ẹ̀bẹ̀ ni wọ́n fi gbà á wọlé, tábìlì ọ̀tọ̀ lẹ́bàá ògiri ni wọ́n sì fi í sí, níbi tó jìnnà sí àwọn tí wọ́n jọ ṣe fíìmù. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kúrú. Ó ní òun nírètí pé òun á máa jẹ́ ohun ìwúrí fún ìran òun títí láé. Omijé ló gbé e sọ̀ kalẹ̀. Odindi ìran kan ló fi ṣe ẹbí lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ẹ jẹ́ kí n padà wálé. Nínú iṣẹ́ tiwa, ìdúpẹ́ kì í dúró de àmì-ẹ̀yẹ. Ìbà ni alárìnjó fi ń ṣíde eré, ìbà bàbá, ìbà ìyá, ìbà àwọn àgbà tó ti ṣe é ṣáájú. Àwọn ẹgbẹ́ òṣèré tó tẹ̀ lé wọn náà kò sì yà kúrò lọ́nà yẹn. Ẹbí pàápàá wà lórí ìtàgé. Hubert Ogunde, ọmọ Òsósà tí wọ́n bí ní 1916, fẹ́ àwọn òṣèrébìnrin rẹ̀ níyàwó, àwọn ọmọ rẹ̀ sì dàgbà sínú eré. Nígbà tí Dúró Ládipọ̀ gbé Ọba Kò So jáde ní 1963, ìyàwó rẹ̀ Abíọ́dún ló ń ṣe Ọya. Òṣèré Adé Love ti lọ, àwọn ọmọ rẹ̀ Kúnlé, Gabriel, Mojí àti Àrẹ̀mú ṣì wà nídìí iṣẹ́ bàbá wọn. Fún irú àwọn òṣèré wọ̀nyí, ìyàwó tó gbowó lẹ́nu ọ̀nà, tó wọṣọ eré, tó kọrin, tó tún lọ se oúnjẹ fún gbogbo ẹgbẹ́, alábàáṣiṣẹ́ ni. Ìdúpẹ́ fún un, owó iṣẹ́ tí a kò san ni.

Lónìí, a ti ní àmì-ẹ̀yẹ tiwa. AMAA bẹ̀rẹ̀ ní 2005, AMVCA ní 2013. Kẹ́hìndé Bánkọ́lé gba ti olú òṣèrébìnrin níbi AMVCA ti 2024 fún Àdìrẹ. Fẹ́mi Adébáyọ̀, ọmọ Ọ̀gá Bello, gba ti olú òṣèrékùnrin ní 2025 fún Seven Doors. Inú mi dùn sí i gidigidi. Ohun kan ló ń dùn mí. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni òṣèré tó fi Yorùbá gbayì, tí ìyá rẹ̀ kò gbọ́ ju Yorùbá lọ, á gun orí ìtàgé, á sì fi Gẹ̀ẹ́sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá náà. Ìyá wà nílé níwájú tẹlifíṣàn, ó ń rí ọmọ rẹ̀, ó ń rí ẹnu rẹ̀ tó ń lọ sókè sódò, ó ń bi ọmọ aládùúgbò pé, "Kí ló wí?"

Ẹ wo bí àwọn mìíràn ṣe ké sí ìyá tiwọn. Ní 2023, Ke Huy Quan, tó sá kúrò ní Vietnam nígbà tó wà lọ́mọdé, tó gba àgọ́ àwọn tí ogun lé kúrò nílùú kọjá, gba Oscar. Ó ké sí ìyá rẹ̀, ẹni ọdún 84, tó ń wò ó láti ilé, pé òun ti gba Oscar o. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn kan náà, Michelle Yeoh fi tirẹ̀ jíǹkí ìyá rẹ̀ ní Malaysia, ẹni ọdún 84 náà. Ní 2025, Zoe Saldaña ké pe "Mami" láti orí ìtàgé, ó wá ìyá rẹ̀ láàárín èrò, ó sì rántí ìyá àgbà rẹ̀ tó wọ Amẹ́ríkà ní 1961, pé inú rẹ̀ ì bá dùn pé ipa tí òun ti sọ èdè Sípéènì ni òun fi gbà á. Kò sí ẹni tó tijú níbẹ̀.

Ẹ̀yin òṣèré wa, kí ló ń tì yín lójú? Ẹ wò ó bó ṣe lè rí: "Màámi, owó ẹ̀gúsí tí ẹ fi rán mi lọ kọ́ṣẹ́ eré, tí bàbá ní ẹ sọ nù, òun rèé o. Àbẹ̀ní ọ̀kín, ẹ ṣeun. Ẹ ó jẹun ọmọ pẹ́." Kò tó ìṣẹ́jú àáyá 20. Oríkì wà níbẹ̀, ohun tí ìyá ṣe wà níbẹ̀, àdúrà wà níbẹ̀. Oríkì yìí ni mo ní lọ́kàn nígbà tí mo sọ pé ohun kan wà tí a lè fi kún àṣà yìí. Ẹlòmíràn á ní "ìyá mi ọ̀wọ́n", á sì dákẹ́. Àwa lè pe ìyá ní orúkọ tí wọ́n fi ń kì í nígbà tó wà lọ́mọge, kí orí rẹ̀ wú níbi tó jókòó sí.

Mo fi ẹ̀bẹ̀ kan kádìí ọ̀rọ̀ mi. Ẹ̀yin olùṣètò àmì-ẹ̀yẹ, bí òṣèré bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá, tàbí Igbo, tàbí Haúsá, tàbí èdè yòówù, bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀, ẹ má lu orin lé e lórí. Ẹ kọ ìtumọ̀ sí ìsàlẹ̀ àwòrán fún àwọn tí kò gbọ́ ọ, kí ẹ sì wá ògbufọ̀ èdè ọwọ́ fún àwọn adití. Ẹ̀yin òṣèré, pàápàá ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ kò tíì gba ohunkóhun, ẹ lọ sílé lọ́sẹ̀ yìí, ẹ béèrè oríkì ìyá yín àti ti bàbá yín lọ́wọ́ wọn, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.